Ta Ló Sanwó Orin Yìí? Mo Dáhùn Ìbéèrè Yín Lórí Bach, Handel, Haydn àti Mozart

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nígbà tí mo sọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé Messiah tí Handel kọ, èyí tí kúáyà káàkiri máa ń gbé jáde tí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, kì í ṣe orin Kérésì níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa ká yín lára tó bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé, àwọn kan fi ohùn ránṣẹ́, bàbá kan fọwọ́ kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin gbáko, kò sì sí ìlà kan tó ṣòfò nínú ẹ̀. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mo ṣa díẹ̀ nínú wọn. Ọdún 21 rèé tí mo ti ń kọ tẹ́nọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin yìí ti wọ̀ mí lára, torí náà tí mo bá pẹ́ níbì kan ju ibòmíì lọ ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ sì máa rí i pé mo ń padà sórí ọ̀rọ̀ owó ṣáá, torí mi ò rí bí orin àwọn èèyàn yìí ṣe fẹ́ yé èèyàn tí ò bá mọ ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti ń jẹun.

*

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí a bá ti dé ibi Halleluyah Chorus, tọmọdé tàgbà ló máa ń dìde. Wọ́n ní ọba Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ dìde. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì dé tí ẹ ní kì í ṣe orin Kérésì? — Sòpúránò kan, Ìbàdàn

Àǹtí mi, ẹ ṣé. Ìtàn ọba yẹn, èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá kúáyà wa àtijọ́ ló sọ ọ́ fún wa, òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọba George Kejì ni wọ́n ń sọ, pé nígbà tí wọ́n kọ orin náà ní London lọ́dún 1743, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́ ló bá dìde, tí ọba bá sì ti dìde, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa jókòó. Ìtàn tó dùn ni. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó wà ní London nígbà yẹn, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn, a ò rí ẹnì kan tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ fara hàn ni lẹ́tà kan tí wọ́n kọ lọ́dún 1780, ọdún 37 lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò sì sí níbẹ̀, wọ́n sọ fún un ni. Ẹ máa dìde lọ o, kò sóhun tó burú níbẹ̀, èmi náà máa ń dìde, ẹ má ṣáà ti fi ọba jẹ́rìí.

Ní ti Kérésì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Ópẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ni Handel fi ń jẹun ní London láti ọdún púpọ̀, ópẹ́rà tí wọ́n ń kọ ní èdè Ìtálì, tó jẹ́ pé owó àwọn akọrin tí wọ́n ń kó wá láti Ìtálì nìkan tó láti sọni di onígbèsè. Nígbà tó fi máa di ọdún 1741, àwọn èèyàn ò wá mọ́. Ópẹ́rà ẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe é tó fi kógbá sílé. Ọkùnrin náà ti pé ọdún 56. Ló bá kọjú sí oratorio, ìyẹn orin ńlá tí wọ́n ń kọ lórí ìdúró láìsí aṣọ eré, láìsí ìtàgé tí wọ́n ń kùn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ìlú gbọ́, kò sì náni lówó tó ópẹ́rà. Láàárín August 22 sí September 14 ọdún yẹn, ọjọ́ 24, ó kọ Messiah tán, ó kó ẹrù ẹ̀, ó kọjá sí Dublin ní Ireland níbi tí wọ́n ti pè é.

April 13, 1742 ni wọ́n kọ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, lọ́sàn-án, nínú gbọ̀ngàn kan ní òpópónà Fishamble. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn kọ́jọ́ náà tó pé: wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má wọ síkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tí wọ́n fi òrùka ńláńlá ṣe, èyí tó máa ń jẹ́ kí aṣọ fẹ̀ bí agbòjò, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin náà fi idà sílé, torí gbọ̀ngàn náà gba 600 èèyàn, wọ́n sì fẹ́ kó 700 sínú ẹ̀. Kí nìdí tí wọ́n fi ń wá àyè tó bẹ́ẹ̀? Torí owó ẹnu ọ̀nà ò bọ́ sápò Handel lọ́jọ́ yẹn. Ilé ìwòsàn méjì àti àwọn tó wà lẹ́wọ̀n torí gbèsè ni wọ́n pín in fún. Èèyàn 142 ló jáde lẹ́wọ̀n. Nígbàkígbà tí a bá ti ń kọ ibi "and with his stripes", àwọn 142 yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, tí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí fún nítorí orin tí wọn ò tíì gbọ́ rí.

Ẹ wá wo oṣù ẹ̀, April, ìgbà Àjíǹde. Ní London náà, ìgbà Lẹ́ńtì ni Handel máa ń gbé irú orin bẹ́ẹ̀ jáde, torí àwọn ọjọ́ kan wà nínú Lẹ́ńtì tí wọn kì í gbà kí wọ́n ṣe eré orí ìtàgé, ààyè yẹn ló bọ́ sí. Láti 1750 ló ti ń ṣe é lọ́dọọdún fún ilé àwọn ọmọ tí ìyá wọn gbé jù sílẹ̀ ní London, nígbà tó sì ń kọ ìwé ìhágún, ó fi ẹ̀dà orin náà sílẹ̀ fún wọn. Kérésì tí a wá sọ ọ́ dà, àwa èèyàn ẹ̀yìn la ṣe é, apá àkọ́kọ́ tó sọ nípa ìbí Jésù ló sì fà á.

*

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa ní ká kọ ìyàtọ̀ láàárín orin Baroque àti Classical. Mo ti há ọdún wọn sórí àmọ́ tí wọ́n bá gbé orin sí i, mi ò lè mọ èwo ni èwo. Kí ni kí n máa gbọ́? — Ọmọ SS2, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, o béèrè dáadáa, torí etí ló ni iṣẹ́ yìí. Wọ́n máa ń sọ pé 1600 sí 1750 ni Baroque, 1750 sí nǹkan bí 1820 ni Classical, ìyẹn wúlò fún ìdánwò. Àwọn fúnra wọn ò mọ ara wọn sí Baroque o. Èébú lọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Pọtogí ló ti wá, barroco, ìyẹn péálì tí ò rí roboto, tó wọ́, àwọn tó dé lẹ́yìn ló ń fi bú orin àwọn bàbá wọn pé ó lọ́ pọ̀ jù.

Fetí sí ìsàlẹ̀ ná. Nínú orin Baroque, ohùn ìsàlẹ̀ kì í sinmi, sẹ́lò (fáólìnì ńlá tí ohùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀) àti harpsichord (ohun èlò oníbọ́tìnnì tó ṣáájú piano) á máa rìn lọ gbẹrẹgẹdẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo ohun tó wà lókè ló dúró lé wọn lórí. Tí orin bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, ayọ̀ náà ló máa bá parí. Tó bá wá jẹ́ fúùgù, ẹnì kan á dá orin, kó tó dákẹ́ ẹlòmíì á ti gbà á, ẹnì kẹta á wọlé, gbogbo wọn á máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí ara wọn, kò sì ní rújú. Nínú Classical, orin kan máa wà lókè tó o lè fi súfèé lọ sílé, àwọn tó kù á máa gbè é. Gbólóhùn kan á dà bí ìbéèrè, èyí tó tẹ̀ lé e á dá a lóhùn. Á dákẹ́ wẹ́lo, á bú jáde, á yí láti inú ẹ̀rín bọ́ sínú ẹkún láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun èlò orin náà dá sí i. Harpsichord, tó o bá ṣí inú ẹ̀, o máa rí ẹsẹẹsẹ pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ki ṣóńṣó ìyẹ́ ẹyẹ bọ̀ lára, tó o bá tẹ bọ́tìnnì, ìyẹ́ yẹn ló máa já okùn bí ìgbà tí èékánná bá já okùn gìtá, bó o tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí o fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ohùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan bí ọdún 1700 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bartolomeo Cristofori, òṣìṣẹ́ ìdílé Medici ní Florence, yọ ìyẹ́ kúrò, ó fi òòlù kékeré sí i. Òòlù ní tiẹ̀ mọ agbára ọwọ́. Ibẹ̀ ni piano ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè é gan-an ni jẹ́jẹ́-àti-kíkan. Lọ sórí YouTube, wá Spring tí Vivaldi kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1725, lẹ́yìn ẹ̀ kó o gbọ́ Eine kleine Nachtmusik tí Mozart kọ lọ́dún 1787. Gbọ́ wọn tẹ̀ léra ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tó o bá ti ń gbọ́ Vivaldi, rántí pé ilé ọmọ aláìlóbìí kan ní Venice, Pietà, ló gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1703 pé kó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ní fáólìnì. Ẹ̀yìn asẹ́ onírin ni wọ́n máa ń wà tí wọ́n bá ń kọrin, àlejò láti gbogbo Yúróòpù ń wá gbọ́ wọn, ojú wọn ni wọn ò rí. Owó àlejò yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ilé náà.

*

Ìbéèrè: (Mo gé e kúrú láti inú ojú ewé mẹ́rin.) Mo ti lu ọ́gáànù ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún 34 kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí wọ́n ń fún mi ò tó owó ọkọ̀. Mo máa ń fi Bach tu ara mi nínú. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ tọ́jú òun dáadáa? — Bàbá onídùùrù, Iléṣà

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè dáhùn.

Wọ́n ń sanwó fún Bach, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Nígbà tí ìlú Leipzig ní Jámánì ń wá ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Thomas Mímọ́, òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Telemann ni, ó kọ̀. Graupner ni wọ́n tún mú, ọ̀gá ẹ̀ ò yọ̀ǹda ẹ̀. Bach ló wá kàn lọ́dún 1723. Iṣẹ́ náà ni kó máa pèsè orin fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú, kó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lórin, kó sì tún máa kọ́ wọn ní Látìnì, ti Látìnì yẹn ó fi owó ara ẹ̀ bẹ ẹlòmíì níṣẹ́. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, orin tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, cantata, ìyẹn orin ìsìn tí akọrin àti ohun èlò jọ máa ń ṣe, tó lè gba ìdajì wákàtí. Bó bá ti ń kọ ọ́ tán ni ìyàwó ẹ̀ Anna Magdalena, àwọn ọmọ ẹ̀ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ á máa da ìwé kọ fún akọrin kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá fi máa di Sunday láago méje àárọ̀, wọ́n ti dúró. Nǹkan bí 200 nínú àwọn cantata yẹn ló ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Owó wá ńkọ́? Lọ́dún 1730 ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́ kan, Georg Erdmann, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wáṣẹ́ síbòmíì. Ó ní owó tó ń wọlé fóun tó nǹkan bí 700 thaler (owó Jámánì ayé ìgbà yẹn) lọ́dún, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń wá látinú ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Tí òkú bá pọ̀ nílùú, owó á pọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá wá dáa, táwọn èèyàn ò ṣàìsàn, owó á lọ sílẹ̀, ó ní lọ́dún tó ṣáájú, nínú owó òkú nìkan òun pàdánù ju 100 thaler lọ. Bàbá, ẹni tó kọ orin tí à ń fi pe ara wa lérò ọ̀run náà nìyẹn, tó jókòó ń ka òkú. Mi ò rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ọmọ 20 ló bí, 10 ni kò dàgbà, ẹnu tó kù ń fẹ́ oúnjẹ.

Ẹ má sì rò pé ó máa ń tẹrí ba fún gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ní Arnstadt, ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 4 pé òun fẹ́ lọ gbọ́ Buxtehude tó ń lu ọ́gáànù ní Lübeck, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bí 400 kìlómítà, nǹkan bí oṣù 4 ló tó padà. Ṣọ́ọ̀ṣì pè é jókòó, ó ní òun rò pé ẹni tóun fi sílẹ̀ ń ṣe é dáadáa. Ní Weimar lọ́dún 1717, ó fẹ́ kúrò níṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ kọ̀, ó tẹnu mọ́ ọn débi pé wọ́n tì í mọ́lé láti November 6 sí December 2.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni ẹ̀yìn ẹ̀. Bach kú ní July 28, 1750. Anna Magdalena, obìnrin tó ti fi ọwọ́ ẹ̀ da ọ̀pọ̀ nínú orin yẹn kọ, tó jẹ́ akọrin ààfin kó tó wọlé ọkọ, owó ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìní ló fi ń gbé ayé títí tó fi kú lọ́dún 1760. Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ fi ẹnì kan tu ara yín nínú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ obìnrin yẹn.

*

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ-ọ̀dọ̀ làwọn olórin yìí? Ohun tí mo mọ̀ ni pé onílù ààfin tiwa níyì. — Ẹni tó ń ka yín láti Ọ̀yọ́

Òótọ́ ni, ọmọ-ọ̀dọ̀ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ìwé àdéhùn tí Haydn fọwọ́ sí lọ́dún 1761 lọ́dọ̀ ìdílé Esterházy, àwọn olówó ilẹ̀ Họ́ńgárì, ṣì wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, kó lẹ́fun sórí, kó máa yọjú sí yàrá ìta láàárọ̀ àti lọ́sàn-án kó lè béèrè bóyá ọ̀gá fẹ́ gbọ́ orin lónìí. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé orin tó bá kọ, ọ̀gá ló ni ín, kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni dà kọ. Ibi tí ti onílù wa fi yàtọ̀ nìyẹn: Àyàn lè máa jẹun lọ́wọ́ ọba, àmọ́ kò sí ọba tó sọ pé òun ló ni ìlù tó wà lọ́wọ́ onílù, ìdílé onílù ló ni ín.

Síbẹ̀ Haydn mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1772, Ọmọọba Nikolaus jókòó pẹ́ jù ní ààfin ẹ̀ tó wà ní ìgbèríko, ìyàwó àwọn olórin wà ní Eisenstadt, ó ń ṣe wọ́n bí kí wọ́n máa lọ, wọ́n bẹ Haydn. Ó kọ símfónì kan, ìyẹn orin ńlá tí ẹgbẹ́ olórin máa ń fi ohun èlò ṣe, tó pín sí apá-apá. Nígbà tó dé ìparí ẹ̀, tí èèyàn ń retí ariwo, orin náà rọlẹ̀. Ẹnì kan parí tiẹ̀, ó fẹ́ àbẹ́là iwájú ẹ̀ pa, ó gbé ohun èlò ẹ̀ sábẹ́ apá, ó jáde. Ẹlòmíì tẹ̀ lé e. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ń ṣú lórí ìtàgé, títí tó fi ku fáólìnì méjì péré. Àwọn tó kọ ìtàn ayé Haydn sọ pé Ọmọọba gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, lọ́jọ́ kejì wọ́n di ẹrù. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ò lè sọ, wọ́n fi orin sọ ọ́, èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá gbọ́ èdè gángan.

Mozart ò ní sùúrù yẹn. Ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Salzburg ló ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Vienna lọ́dún 1781, ó kọ̀wé sí bàbá ẹ̀ pé wọ́n fi òun sí ìdí tábìlì àwọn ìránṣẹ́, pé ó ṣáà kù díẹ̀ tí wọ́n gbé òun ga ju àwọn alásè lọ. Ó ní òun ń lọ. Ní June ọdún yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ààfin bíṣọ́ọ̀bù gbá a nídìí jáde, ìyẹn gan-an ni ìpàrí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń dá ṣe: ó ń kọ́ ọmọ olówó ní piano, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń gba iṣẹ́ ópẹ́rà. Ó rówó, ó sì jẹ gbèsè. Ọdún mẹ́wàá ló fi gbé e, ó kú ní December 5, 1791, ẹni ọdún 35. Haydn ní tiẹ̀, ìgbà tí Nikolaus kú lọ́dún 1790 ló tó bọ́, ó lọ London lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kó owó bọ̀.

*

Ìbéèrè: Mo lọ gbọ́ símfónì nílùú Èkó, mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí apá kìíní parí, gbogbo èèyàn yíjú wò mí. Kí ni mo ṣe? — Ojú tì mí, Ṣúrùlérè

Kò sí nǹkan kan tí ẹ ṣe. Mozart á fẹ́ràn yín. Lọ́dún 1778 ní Paris, ó sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé ibì kan wà láàárín apá kìíní símfónì òun tóun mọ̀ pé á wọ̀ wọ́n lára, pé nígbà tó débẹ̀, àtẹ́wọ́ bú láàárín orin, òun sì ti fi ibẹ̀ pamọ́ láti tún un mú wá nípàrí. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó lọ jẹ áíìsì kíríìmù, ó sì gba ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà July 3 ni. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìyá ẹ̀ tó bá a lọ sí Paris kú, kò tíì lè sọ fún bàbá ẹ̀, ó kàn kọ ọ́ pé ara ìyá ò yá. Mo máa ń rò ó tí mo bá ń gbọ́ símfónì náà. Dídákẹ́ tí à ń dákẹ́ láàárín apá kan sí èkejì, àṣà ẹ̀yìn ìgbà náà ni.

*

Ìbéèrè: Báwo lorin yìí ṣe di tiwa tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ká jù ú nù. — Olórí akọrin, Ìjẹ̀bú

Ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e wá, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohùn tí Haydn kọ fún ọba Austria lọ́dún 1797 ni à ń fi kọ Glorious Things of Thee Are Spoken, òun náà sì ni àwọn ará Jámánì ń kọ bí orin ilẹ̀ wọn. Nígbà àjíǹde, ohùn tí à ń lò fún Thine Be the Glory, Handel ló ni ín.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti èdè wa. Ohùn Òyìnbó ò mọ̀ pé ìyá àti ìyà ò jọra, ó kàn ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù ú, àwa á wá máa kọ ohun tí a ò ní lọ́kàn. Thomas Ekundayo Phillips rí i kedere, òun ló lu ọ́gáànù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962. Ó kàwé orin ní London, ó mọ Bach àti Handel dunjú, òun náà ló sì jókòó tó ń kọ orin ìsìn tó ń tẹ̀ lé ohùn Yorùbá. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Fela Sowande ti kọ́ ọ́gáànù, ẹni tó kọ African Suite lọ́dún 1944. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ju ọ̀kan nù kó tó lè mú èkejì. Ẹ fi orin Phillips àti ti Handel sínú ètò ìsìn kan náà, kí àwọn ọ̀dọ́ yín kọ méjèèjì, kí wọ́n wá sọ èyí tí wọ́n fẹ́ jù nù.

*

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ń kọ́ fáólìnì níbí. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé àwọn èèyàn dúdú wà níbẹ̀ nígbà yẹn?" Mi ò rí nǹkan sọ. — Ìyá Tèmi, Peckham, London

Ìyá Tèmi, wọ́n wà níbẹ̀. Kó o kọ́kọ́ sọ èyí tó korò fún un, torí ó ti tó ọmọ tó lè gbọ́ ọ. Orúkọ Handel wà nínú ìwé owó Royal African Company, ó ra ìdókòwò nínú ẹ̀ lọ́dún 1720, ilé iṣẹ́ tó ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú láti etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ àwọn 142 tó jáde lẹ́wọ̀n, ọkùnrin kan náà ni. Mi ò tíì fi orin ẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ mi ò lè kọ ọ́ mọ́ bíi pé mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà kó o sọ̀rọ̀ Joseph Bologne fún un, Chevalier de Saint-Georges. Wọ́n bí i ní Guadeloupe lọ́dún 1745, Nanon ni ìyá ẹ̀ ń jẹ́, ẹrú ni, òyìnbó olóko ni bàbá ẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Faransé lọ́mọdé, ó di ọ̀gá nínú fífi idà jà, ó di ọ̀gá nídìí fáólìnì, láti 1773 òun ló ń darí ọ̀kan nínú àwọn ọkẹ́sítírà tó dáa jù ní Paris. Lọ́dún 1776 tí wọ́n fẹ́ fi ilé ópẹ́rà Paris sábẹ́ ẹ̀, àwọn obìnrin òṣèré kan kọ̀wé sí ayaba pé àwọn ò lè gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ tí ìyá ẹ̀ jẹ́ dúdú. Kò rí ipò náà gbà. Ẹgbẹ́ olórin tó wá darí lẹ́yìn ìgbà yẹn ló béèrè símfónì mẹ́fà lọ́wọ́ Haydn, àwọn tí à ń pè ní símfónì Paris títí dòní.

Èyí tó máa dùn mọ́ ọmọ rẹ jù ni ti George Bridgetower, ọ̀gá nídìí fáólìnì, bàbá ẹ̀ wá láti Barbados. May 24, 1803, ní Vienna, láago mẹ́jọ àárọ̀, òun àti Beethoven jọ dúró níwájú èèyàn láti ṣe sónátà tuntun kan, orin tí Beethoven kọ fún fáólìnì àti piano. Beethoven ò tíì parí ìwé ẹ̀ dáadáa, apá kejì, ẹ̀yìn èjìká Beethoven ni Bridgetower ti ń yọjú ka orin náà lójú ìwé onípiano. Nígbà tó dé ibì kan tí piano ti sáré gòkè tó sáré sọ̀ kalẹ̀ lóun nìkan, Bridgetower gbà á lẹ́nu ẹ̀, ó fi fáólìnì ṣe tiẹ̀ láìsí nínú ìwé. Beethoven fò dìde nídìí piano, ó dì mọ́ ọn, ó ní kó tún un ṣe. Orúkọ Bridgetower ló kọ́kọ́ kọ sórí orin náà. Kò pẹ́ tí wọ́n jà, Bridgetower ní torí obìnrin kan ni, Beethoven bá yọ orúkọ ẹ̀, ó fi ti Rodolphe Kreutzer ará Faransé sí i, ẹni tí kò lù ú rí láyé ẹ̀.

Kreutzer Sonata ni wọ́n máa kọ sára ìwé náà tí o bá lọ rà á fún un. Ó ṣì le fún ọmọ ọdún 11, ó máa tó ọdún mélòó kan kó tó lè fọwọ́ kàn án. Ní báyìí, jẹ́ kó mú pẹ́ńsù, kó kọ Bridgetower sí òkè ojú ewé àkọ́kọ́.